Àga Kan Ṣoṣo Nínú Yàrá Amọ̀

Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó ń wá iṣẹ́ tí yóò kọ́, wá kí mi nílé. Ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe láyé yín?" Mo ní mo ń wo bí amọ̀ ṣe ń gbẹ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń fi òun ṣeré. N kò fi í ṣeré. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí, àti nítorí ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń rò pé ibi tí ariwo bá wà nìkan ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń jẹ́ amọ̀ fún yín. Ilẹ̀ pupa ṣeé bá gbé, ó níwà. Amọ̀ dúdú tó wà létí odò kò níwà. Bí òjò bá rọ̀, yóò mumi títí yóò fi wú. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, yóò súnkì, yóò sì lanu. Ilé tó bá jókòó lé e lórí yóò máa bá a gòkè, yóò máa bá a sọ̀ kalẹ̀, títí ògiri yóò fi sán láti òkè délẹ̀, onílé á wá máa pariwo pé ayé ló ń bá òun jà. Ayé kọ́, amọ̀ ni. Iṣẹ́ tiwa ni láti mọ bí amọ̀ kan yóò ṣe súnkì tó kí ẹnikẹ́ni tó gbé bíríkì lé e. Bó bá pọ̀ jù, a ó po láìmù mọ́ ọn. Láìmù ni ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń sun jáde lára òkúta. Òun ló ń tún ìwà amọ̀ ṣe.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo ti Èkìtì wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Agége, mo ní ìwé mẹ́wàá lọ́wọ́, ó mú mi lọ sí ilé àyẹ̀wò ilẹ̀ kan láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Ìkejà, wọ́n sì gbà mí. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó yangàn. Kí a kúrò níbẹ̀.

Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ń jẹ́ Ọ̀gá Ajíbóyè, ará Òǹdó ni. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n gùn. Wọn kì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbé amọ̀ gbígbẹ fún mi pé kí n gún un, kí n sẹ́ ẹ, kí n fi omi pò ó títí yóò fi dán. Mo pò ó títí apá fi ń ro mí. Wọ́n fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ gé e sí méjì, wọ́n rí ihò afẹ́fẹ́ kan tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ nù.

Wọ́n ní, "Ṣé o jẹun kí o tó wá?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Agbára oúnjẹ náà dà?"

Mo tún un pò. Wọ́n tún un dànù. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn kò sì bú mi lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá bú mi ni, ìbá sàn fún mi. Àwọn àgbà ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó pa òwe náà kò po amọ̀ fún Ọ̀gá Ajíbóyè.

Bí amọ̀ bá ti dán, ọpọ́n idẹ ni a ó fi í sí. Ọpọ́n náà kéré, ó rí bí ọparun tí wọ́n là sí méjì. A ó fi gírísì pa inú rẹ̀, a ó ki amọ̀ náà bọ̀ ọ́, a ó máa gbá a mọ́ tábìlì díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, a ó wá fi ọ̀bẹ tẹ́ ojú rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ gbẹ nínú afẹ́fẹ́ lásán, lẹ́yìn náà a ó gbé e sínú àpótí iná. Bó bá ń gbẹ, á máa fà sẹ́yìn láti orí ọpọ́n. Àlàfo tó bá fi sílẹ̀, òun ni ìdájọ́. Àlàfo ńlá, amọ̀ burúkú. Àlàfo tí ẹ ní láti tẹjú mọ́ kí ẹ tó rí i, ẹ lè kọ́lé yín.

Ibi tí wàhálà wà ni pé kò gbọdọ̀ yára gbẹ. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, yóò ká kò tàbí kó ṣẹ́ sí méjì, a ó sì tún un bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà Ọ̀gá ní òfin kan tí n kò rí níbòmíràn. Ẹni tó bá ki amọ̀ sínú ọpọ́n ni yóò jókòó tì í. Kò gbọdọ̀ ṣí fèrèsé, kò gbọdọ̀ tan fáànù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ máa wọlé máa jáde. Àga kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà. Nígbà tí mo ti pẹ́ díẹ̀ tí ojú mi ti là, mo ní, "Sà, ṣé a lè gbé àga kejì síbẹ̀?"

Wọ́n wò mí. "Ta ni yóò jókòó lé e?"

Èmi náà kò mọ ẹni tí yóò jókòó lé e.

Mo sunkún nínú yàrá yẹn, n kò ní pa á mọ́ fún yín. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ń dún níhìn-ín, ọkọ̀ ojú irin ń fọn fèrè lọ́nà Agége, èèyàn ń rọ́ gìrìgìrì lọ sí ibi iṣẹ́ àárọ̀, wọ́n ń rọ́ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́, èmi sì wà láàárín gbogbo wọn, mo jókòó ti amọ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀. Ní abúlé wa, ìyà tó bá jẹ èèyàn, á rí ẹni rò ó fún. N kò mọ̀ pé èèyàn lè dá wà báyẹn láàárín ọ̀pọ̀ èrò àfi ìgbà tí mo dé Ìkejà.

Múfútáù ló yọ mí. Òun ló ń lu ilẹ̀ fún wa. Irin gígùn kan wà tí ìdí rẹ̀ lọ́ bí ìkarahun ìgbín, òun ló máa ń yí wọ inú ilẹ̀ láti fi fa amọ̀ jáde. Ọmọ Agége ni, àwọn baba rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí ilé iṣẹ́ kankan tó dé. Ó sanra, ó ń pariwo, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Dopemu. Àwọn tó kù nínú iṣẹ́ rẹ̀ a máa dé agolo amọ̀ lásán, amọ̀ á sì ti gbẹ lẹ́nu kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ti Múfútáù kì í rí bẹ́ẹ̀. Á gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, á fi bo ẹnu agolo, á dé ìdérí lé e, á wá fi okùn dè é yí ká, á sì so etí rẹ̀ bí etí ehoro. Bí agolo ogún bá wà nílẹ̀, mo mọ tirẹ̀.

Ọ̀gá ní kò gbọdọ̀ wọ yàrá. Kò wọ̀ ọ́. Ó máa ń jókòó sílẹ̀ níta, á fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, á máa bá mi sọ̀rọ̀ gba abẹ́ rẹ̀.

"Èkìtì, ṣé o ṣì wà láàyè?"

"Mo wà, ọmọ Agége."

"Amọ̀ náà ńkọ́?"

"Ó ní kí n kí ẹ."

Báyìí la ṣe ṣe ọ̀rẹ́ fún ọdún púpọ̀. Abẹ́ ilẹ̀kùn ni mo ti gbọ́ pé ó ti rí ìyàwó, Sìkírá. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nígbà tí Sìkírá bí Bàlìkísì. Nígbà tí èmi náà gbéyàwó, abẹ́ ilẹ̀kùn ni mo ti sọ fún un, ó sì lu ilẹ̀kùn náà gbìgbìgbì títí Ọ̀gá fi lé e lọ.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni Ọ̀gá fi láìmù hàn mí. Amọ̀ kan náà ni wọ́n pín sí méjì, wọ́n po láìmù mọ́ ìkan, wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Èyí tí kò ní láìmù fà sẹ́yìn títí ìka ọwọ́ mi fi wọ àlàfo rẹ̀. Èyí tó ní láìmù jókòó sínú ọpọ́n bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó jọ mí lójú. Wọ́n ní kí n má tíì yọ̀.

Wọ́n ní, "Iṣẹ́ méjì ni láìmù ń ṣe. Àkọ́kọ́, bó bá kan amọ̀, amọ̀ á já sí wẹ́wẹ́, kò ní lẹ̀ mọ́wọ́ mọ́. Ìyẹn yá, ojú èèyàn á rí i. Èkejì ni kí amọ̀ àti láìmù mú ara wọn dáadáa, kí ó le. Ìyẹn kì í yá, omi ló sì fi ń ṣe é. Bí omi bá tán lára rẹ̀ kó tó ṣe tán, ó tán nìyẹn. Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ ló ń di ọṣẹ. Gbọ́ mi dáadáa. Mo ní, tó bá pẹ́."

Wọ́n fẹ̀yìn tì láìpẹ́ sígbà yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, wọ́n fún mi ní ọpọ́n idẹ tí àwọn fúnra wọn fi kọ́ṣẹ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ìyẹn nìkan ni ẹ̀rín wọn tí mo rí.

Nígbà tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá tí wọ́n padà sí bárékè, gbogbo ènìyàn ló ń dá nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ní ayé á dẹ̀. Sìkírá náà ti ń ra búrẹ́dì tà láti ìgbà tó ti wà ní wúńdíá, ó ní àkókò tó kí òun ní ilé búrẹ́dì tòun. Àwọn ẹbí Múfútáù ní ilẹ̀ kan tó rẹlẹ̀ lẹ́yìn Dopemu, létí ojú àgbàrá. Múfútáù lu ilẹ̀ náà, ó gbé agolo wá fún mi, mo sì dán an wò. Amọ̀ burúkú ni.

Àwa méjèèjì la ṣe é fúnra wa. Ní ọjọ́ ìsinmi wa, a tú ilẹ̀ náà, a po láìmù mọ́ ọn, a lù ú mọ́lẹ̀, a wá fi àpò ìdọ̀họ tí a rẹ sínú omi bò ó. Sìkírá ń gbé omi wá, ó ń kọrin. Mo fa Múfútáù sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sọ fún un pé, "Àpò yìí kò gbọdọ̀ gbẹ. Ẹ lè kọ́ ófùnù lé e bó bá yá, ṣùgbọ́n kò sí iná níbẹ̀ títí n ó fi wá fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́."

Ó ní, "Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Mo ti gbọ́, Èkìtì."

Ẹni tó kọ́ ófùnù ni Bàbá Gàní, àgbà bíríkìlà tó ti kọ́ ófùnù káàkiri Agége. Kò sí àléébù nínú iṣẹ́ wọn. Àwọn náà ní òfin tiwọn. Ófùnù tuntun kò gbọdọ̀ rí iná ńlá lójijì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bíríkì á bú. Iná kékeré ni a ó máa dá sí i lójoojúmọ́ kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí? Èmi fẹ́ kí omi wà, Bàbá Gàní fẹ́ kí omi lọ, òótọ́ sì ni tèmi, òótọ́ ni tiwọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ òfin méjèèjì, òun ni Múfútáù.

Ààwẹ̀ ń bọ̀. Ẹni tó bá ní búrẹ́dì gbígbóná ní àsìkò ìṣínu, ọjà rẹ̀ kò ní kù sílẹ̀. Sìkírá ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Nígbà tí Bàbá Gàní béèrè pé ṣé kí àwọn ti iná bọ ófùnù, Múfútáù wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ti iná bọ̀ ọ́. Kò sọ fún mi.

Ààwẹ̀ kò tíì dé ìdajì nígbà tí ófùnù náà fi ẹ̀gbẹ́ kan rì. Orí rẹ̀ já lulẹ̀ lórí búrẹ́dì ọjọ́ náà. Kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Àwọn ẹbí Sìkírá kó ẹjọ́ lé Bàbá Gàní lórí, wọ́n ní bíríkì wọn ni kò dára, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ tún un kọ́ láti orí ìpìlẹ̀. Olórí àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ní àdúgbò náà ní kí wọ́n má tíì jà, kí wọ́n pe ẹni tó mọ̀ nípa ilẹ̀. Gbogbo wọn gbà pé ohun tí mo bá sọ ni abẹ gé. Èmi ni wọ́n pè.

Mo mú amọ̀ láti abẹ́ ófùnù, mo mú òmíràn ní ìgun ilé níbi tí àpò ìdọ̀họ ṣì tutù. Mo fi wọ́n sí ọpọ́n méjì, mo sì jókòó tì wọ́n. Ọjọ́ yẹn ni Múfútáù ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí àga kejì, ó dúró.

Ó ní, "Èkìtì, sọ fún wọn pé bíríkì ni."

"Bíríkì kọ́, Múfútáù. O mọ̀ pé bíríkì kọ́."

"Bàbá Gàní ti lórúkọ, orúkọ wọn á gbà wọ́n. Èmi ńkọ́? Bí Sìkírá bá gbọ́ pé èmi ni mo ní kí wọ́n dáná, ojú wo ni màá fi máa wò ó?"

"Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ta ni á tún gbé ófùnù fún bàbá yẹn kọ́?"

Ó ní, "Ta ni ọ̀rẹ́ ẹ? Èmi ni, àbí bàbá yẹn?"

Mo ní òun ni. Mo ní nítorí pé òun ni ló ṣe ń dùn mí tó báyìí. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó lọ. Mo sáré tì í nítorí amọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo gbé ọpọ́n méjèèjì dé àgbàlá Sìkírá. Mo gbé wọn sílẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Ti ìgun ilé kò fà sẹ́yìn tó ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí. Ti abẹ́ ófùnù ní àlàfo lórí àti nídìí. Mo ní, "Ilẹ̀ ni. Iná dé kí láìmù tó ṣe tán. Bíríkì Bàbá Gàní kò lẹ́bi." N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Bàbá Gàní ló wá béèrè ọ̀rọ̀, wọn kò tilẹ̀ gbóhùn sókè. Wọ́n ní, "Ṣebí mo béèrè kí n tó dáná? Ta ló dá mi lóhùn?"

Sìkírá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Bàlìkísì, ṣé ẹ̀yin ni?"

Múfútáù ní, "Èmi ni." Ó wò mí, kò wo ìyàwó rẹ̀. Ó sì jáde nínú àgbàlá náà.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹ má bi mí bóyá mo kábàámọ̀, n kò kábàámọ̀. Ohun tí mo sọ ni mo máa tún sọ. Ṣùgbọ́n mo máa ń jókòó nínú yàrá yẹn lẹ́yìn ìgbà náà, ojú mi á wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, n kò rí òjìji ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ń dùn mí. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, mo mọ òwe náà láti kékeré, n kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Sìkírá tú ilẹ̀ náà, ó tún un ṣe, ó sì dúró dáadáa. Múfútáù kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń lu ilẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn kò nílò oníirin mọ́, ó sì kó ẹbí rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Sángo. N kò gbọ́ pé ó ń lọ àfi lẹ́yìn tó ti lọ.

Irin iṣẹ́ yí padà lọ́wọ́ wa. Òṣùwọ̀n tí à ń fi òkúta kéékèèké wọ̀n di èyí tó ń kọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Àpótí iná tó ń jó wa lọ́wọ́ di èyí tó mọ ìgbà tí yóò pa ara rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó dé lẹ́yìn mi gbọ́n, n kò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ohun tí a fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n amọ̀ kò yí padà, kò gbọ́ pé ayé ti di ayé ìkánjú. Èmi ni mo wá di ọ̀gá. Mo fi àga kan ṣoṣo náà sílẹ̀ níbẹ̀ bí mo ṣe bá a. Àwọn ọmọ náà ń pè mí ní Bàbá Oníyàrá lẹ́yìn mi, wọ́n rò pé n kò mọ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ mi wà lókè òkun, wọ́n ń pè mí ní ọjọ́ Sunday. Àwọn ọjọ́ tó kù nínú ọ̀sẹ̀ gùn. Èèyàn tó bá fi ọjọ́ ayé rẹ̀ jókòó ti amọ̀ kò kó ọ̀rẹ́ jọ púpọ̀.

Nínú oṣù tó kọjá ni obìnrin kan kan ilẹ̀kùn mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Bàlìkísì ni mí, ọmọ Àlàájì Múfútáù." Agolo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yọ lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Okùn wà lára rẹ̀, wọ́n sì so etí rẹ̀ bí etí ehoro.

Ó ní òun fẹ́ kọ́ ilé búrẹ́dì sí ọ̀nà Sángo. "Bàbá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé bíríkì kan lé ilẹ̀ yẹn àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ wò ó. Mo ní mo mọ àwọn kan tó ń ṣe é, Bàbá ní àwọn yẹn lè tàn mí, ẹ̀yin ò ní tàn mí."

Mo jókòó. Mo ní, "Ta ló lu ilẹ̀ yìí?"

"Bàbá fúnra wọn ni, sà. Orúnkún ń dùn wọ́n. Mo ní kí n pe àwọn tó ní ẹ̀rọ, wọ́n kọ̀."

"Kí ló dé tí wọn ò bá ẹ wá?"

Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n ní ẹ ò ní fẹ́ rí àwọn."

Láti ọjọ́ àgbàlá Sìkírá wá, èmi náà rò pé Múfútáù ni kò fẹ́ rí mi.

Mo wá ọpọ́n Ọ̀gá Ajíbóyè jáde. Mo fi gírísì pa á, mo po amọ̀ náà títí ó fi dán, apá mi kò gbé e mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ti fèrèsé yàrá mi, mo jókòó tì í títí ó fi gbẹ, mo sì parí rẹ̀ lórí sítóòfù. Nígbà tí Bàlìkísì pè mí lórí fóònù láti béèrè, mo ní èsì ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fi rán an.

Ó ní, "Ah, sà. Ṣé kò dára ni?"

Mo ní, "Má fòyà. Sọ fún bàbá ẹ kí wọ́n wá gbà á fúnra wọn."

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, n kò fi èsì ẹnikẹ́ni pamọ́ rí. Ìkíní rèé. Ọmọ náà ní òun á jíṣẹ́. Kò tíì sí ẹni tó dé.

Mo ra àga kejì lọ́wọ́ káfíńtà tó wà lójú ọ̀nà wa, mo gbé e síwájú tèmi, ọpọ́n náà wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo sì ṣí fèrèsé. Amọ̀ náà ti gbẹ, atẹ́gùn kò lè ṣe é ní nǹkan kan mọ́.